Ohun Tí Mùdùnmúdùn Eegun Ń Ná

Ọjọ́ ogbó ni mo fi iṣẹ́ ìwádìí mi lé lórí, ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ̀bí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ń wádìí bí ara ṣe ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ yóò máa tẹ̀lé àwọn arúgbó kiri ni. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni èmi fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún gbà, nítorí inú rẹ̀ ni a ti lè rí stem cell ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò tíì ná nǹkan kan nínú ohun tí Ọlọ́run fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ láyé. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nínú ara àgbàlagbà tó jí pépé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ni mùdùnmúdùn eegun ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń bí gbogbo èyí kò sì pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 ṣírò pé stem cell ẹ̀jẹ̀ inú ara ẹnìkan wà láàrin 50,000 sí 200,000. Iṣẹ́ méjì ni stem cell ń pa pọ̀ ṣe tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn kò lè ṣe: ó lè pín sí méjì kí ó bí irú ara rẹ̀ gan-an, ó sì lè bí ọmọ tí yóò di sẹ́ẹ̀lì pupa, tàbí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, tàbí platelet tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú egbò. James Till àti Ernest McCulloch ló ṣí wa lójú sí èyí ní Toronto ní ọdún 1961, lára eku tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Leonard Hayflick ní Philadelphia fi hàn pé bí a bá ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn nínú ìgò, yóò pín ní nǹkan bí ìgbà 50, lẹ́yìn náà yóò dáwọ́ dúró. Láàrin ìwádìí méjèèjì yìí ni iṣẹ́ mi wà: ohun tó ń sọ ara dọ̀tun, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ilé ìgbẹ̀bí tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà wà ní Ìkẹjà. Bí agbẹ̀bí bá ti gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà, tó ti di ìwọ́ lójú méjì, tó sì ti gé e, iṣẹ́ tiwa ti dé nìyẹn, kódà bí ibi ọmọ kò bá tíì jáde. A ó fi spirit nu ìwọ́ náà dáadáa. Iṣan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó sanra jù ni a ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ ibùsùn kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ máa ń dúdú, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó di àpò náà mú. Bí a bá rí 80 mílílítà, inú wa a dùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ dì.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló máa ń gba àkókò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ obìnrin kan dúró gbọin lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí.

"Dókítà, ibi ọmọ wa ò ní sùn síbí o. Bàbá ẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nílé."

"Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Inú ike yìí la máa gbé e sí fún yín, lódindi. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú ìwọ́ nìkan la fẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ fún un pé a fẹ́ mọ bí ara ọmọ tuntun ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ká lè mọ ohun tó ń yí padà nínú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dàgbà. Màmá náà wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ẹ máa mọ ohun tó yí padà tí ẹ ò bá gba tèmi náà mọ́ ọn?" Ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà ni a ti ń bẹ àwọn ìyá àgbà pé kí wọ́n fún wa ní ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kí ọmọ-ọmọ wọn káàbọ̀. Èmi kò rí ọ̀nà tó dára ju ti màmá yẹn lọ láti ṣe ìwádìí ọjọ́ ogbó: ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilé kan náà, ọdún 60 láàrin wọn.

Bí a bá dé láàbù, a ó ya àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wúlò sọ́tọ̀, a ó pò wọ́n mọ́ ògì kan tó ki, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rìn kúrò níbi tó bá bọ́ sí. A ó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ kékeré, a ó gbé e sínú ínkúbétọ̀ fún ọjọ́ 14. Ooru ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 37°C gẹ́lẹ́, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ carbon dioxide. Lọ́jọ́ tí a bá gbé àwo náà sábẹ́ máíkíróskóòpù, ohun tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí a kò lè rí ti di agbo kan, a sì ń pe agbo kọ̀ọ̀kan ní colony. Àwọn tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń ṣù jọ bí ẹyin ẹja, pupa fòò. Àwọn tó ń pèsè sẹ́ẹ̀lì funfun a fọ́n ká, wọn kò ní àwọ̀. Ti ọmọ tuntun máa ń tóbi dé ibi pé wọ́n ń fara kan ara wọn. Ti ìyá àgbà kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í pọ̀ tó. Mo ti rí i títí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá pé kí wọ́n gbé àwo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún tó yà wọ́n? Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Cambridge gbé ìwádìí kan jáde tó yí èrò mi padà. Ènìyàn 10 péré ni wọ́n lò, láti orí ọmọ tuntun dé orí ẹni ọdún 81, ṣùgbọ́n wọ́n ka DNA inú stem cell ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ọdọọdún ni nǹkan bíi àṣìkọ 17 ń wọ inú DNA stem cell kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tí kò tíì pé ọdún 65, ẹgbẹẹgbẹ̀rún stem cell ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Lára àwọn tó ti kọjá ọdún 75, ìran sẹ́ẹ̀lì 12 sí 18 péré ló ti gba ìdá 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àwọn ìdílé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ti jẹ gàba lórí mùdùnmúdùn. Ohun tó gún mi lọ́kàn jù ni pé àwọn ìran alágbára yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Kí ẹni náà tó pé ọdún 40 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ ogbó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí irun tó funfun. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí onímọ̀ stem cell ní Èkó máa bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni mùdùnmúdùn rẹ̀ ń ná kíákíá láàrin wa, kí ló sì ń mú un ná?

Ẹni àkọ́kọ́ kò ṣòro láti rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Iṣẹ́ tí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn ń fi oṣù mẹ́rin ṣe, tirẹ̀ ní láti ṣe é láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, láti kékeré dé ọjọ́ ikú. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 150,000 ọmọ là ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ní kíníìkì, mo máa ń rí àwọn ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 40 tí orí egungun itan wọn ti kú, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀. Lójú tèmi, kíníìkì fòníkú-fọ̀ladìde ni kíníìkì ọjọ́ ogbó tó ṣe pàtàkì jù ní ìlú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ló kún ibẹ̀. Bóyá àwọn ìran sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ń tètè jẹ gàba nínú mùdùnmúdùn wọn, àwọn ìwádìí tó ti jáde kò fẹnu kò lórí rẹ̀, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Stem cell náà ni ìwòsàn wọn. Ní ọdún 2011, Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin (UBTH) gba mùdùnmúdùn lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n sì fi sí ara ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ara ẹni tó fún ni ní mùdùnmúdùn gbọ́dọ̀ bá ti aláìsàn mu. Láàrin ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni a ti sábà máa ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin sì ni àǹfààní pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan yóò bá ẹni mu. Ní ti ìwòsàn tó ń tún jíìnì inú stem cell aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, èyí tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2023, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e fún ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí à ń jù nù ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí wa lójoojúmọ́ ni stem cell wà. Eliane Gluckman ti fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ wo ọmọ kan sàn ní Paris láti ọdún 1988.

Inú máa ń bí mi, nítorí náà, sí àwọn tó ń ta ike ìyẹ̀fun kiri, tí wọ́n kọ "stem cell" gàdàgbà sí i lára, tí wọ́n ń sọ pé ó ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí stem cell tó lè wà láàyè nínú ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ká tiẹ̀ ní ó wà níbẹ̀, ikùn yóò dà á bó ṣe ń da ẹran àti ẹ̀wà. Mo ti rí ìyá tó fi owó oògùn hydroxyurea ọmọ rẹ̀ ra irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, tí ọmọ náà sì fi ìrora padà sórí ibùsùn wa. Ẹ má rà á. Ẹni tó bá tà á fún yín, ẹ bi í pé inú nitrogen wo ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo sọ nípa nitrogen nítorí pé òun gan-an ló ń pa iṣẹ́ wa mọ́. Bí a bá fẹ́ kí stem cell wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú nitrogen olómi ni a ń kó o sí, ní 196°C nísàlẹ̀ òdo. Rírí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ rà nítòsí jẹ́ àǹfààní kan tí Ìkẹjà ní tí àwọn ènìyàn kì í rò. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá ilé ìwòsàn kékeré sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1955, èyí tó di ilé ìwòsàn Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó (LASUTH) ní ọdún 2001. Ìjọba yẹn náà ló la ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó yí i ká. Carbon dioxide tó ń wọ inú ínkúbétọ̀ wa, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn tó ń jó irin pọ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú oúnjẹ tútù ti mọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ra gáàsì kí á tó dé. Àgbá nitrogen wa, ẹ̀yìn pick-up ni a ń dè é mọ́. A kì í gbé e sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, nítorí bó bá ṣe ń hó ló ń lé oxygen kúrò, ẹni tó wà níbẹ̀ lè dákú láì mọ ohun tó ṣe é. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọba Akran, èéfín funfun a máa rú lẹ́nu ìdérí rẹ̀, àwọn awakọ̀ a sì sún sẹ́yìn fúnra wọn.

Ohun tí àyíká yìí kò tíì lè fún wa ni serum. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí a kò tíì bí ni, sẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ dàgbà láìsí i, òkè òkun la sì ti ń fi dọ́là rà á. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pa màlúù ní Oko-Ọba ní Agége. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí pé kí ló dé tí a kò gba tibẹ̀. Àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu ṣì ń jà láàrin màlúù wa, ọ̀nà tí wọ́n sì fi ń pa wọ́n kò gba kí ẹ̀jẹ̀ náà wà láìní kòkòrò. Bí ẹnìkan bá tún odò ẹran yẹn ṣe, kì í ṣe ẹran nìkan ni ìlú yóò rí gbà níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé níbí ni ká ti ṣe é? Nítorí ara wa ti tan àwọn ìwé ìṣègùn jẹ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ìwé tí à ń lò sọ pé bí neutrophil, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan, kò bá pé 1,500 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń díwọ̀n rẹ̀, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mùdùnmúdùn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ara wọn le koko ni kò pé bẹ́ẹ̀. Àmì Duffy kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, ìyẹn ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ oríṣi ibà kan tó ń jẹ́ vivax. Àìsí rẹ̀ kan náà ló yí bí neutrophil ṣe ń kúrò nínú mùdùnmúdùn padà. Kò sí àìsàn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ bọ eegun ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú nítorí rẹ̀. Ẹ tún wo ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ọpọlọ àwọn tó ti lé ní ọdún 65, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn èèyàn dúdú ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Osuntokun kú ní 1995, ṣùgbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn yòókù bá iṣẹ́ náà lọ. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Jíìnì APOE4 tó ń mú kí ewu àrùn Alzheimer pọ̀ sí i láàrin àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ rí wa mú. Ká ní wọn kò lọ sí Ìdíkàn, ta ni ì bá mọ̀?

Stem cell tiwa sì ti wà láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú DNA àwọn ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní Camden, ní New Jersey, títí di òní. Nígbà tí Shinya Yamanaka ti fi hàn ní 2006 pé jíìnì mẹ́rin péré lè dá sẹ́ẹ̀lì àgbà padà sí bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Chicago lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti sọ sẹ́ẹ̀lì Yorùbá 58 di stem cell. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì ń fi í kọ́ni. Ó dùn mí pé ẹni tó bá fẹ́ lo sẹ́ẹ̀lì ìran bàbá rẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ fi dọ́là rà á.

Ẹnì kejì tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ń ná kíákíá, kò sí ìwé kankan tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Agége Motor Road, ẹ wo ìdí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ kan, ó lè má tíì pé ọdún 16, yóò bu pẹtiróòlù sínú agolo mílíìkì, yóò fi fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́ títí girísì yóò fi ṣí, yóò sì na ọwọ́ náà síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án, ó ti fi ẹnu fa pẹtiróòlù láti inú táǹkì gba inú rọ́bà. Lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni yóò sùn. Benzene wà nínú pẹtiróòlù, mùdùnmúdùn ni benzene sì ń bá jà. Àjọ àgbáyé tó ń wádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ti fi sí ipò àkọ́kọ́, láàrin àwọn tí kò sí iyèméjì lórí wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004, wọ́n ṣàyẹ̀wò òṣìṣẹ́ 250 tí ń fa benzene símú ní àwọn ilé iṣẹ́ bàtà ní Tianjin, ní Ṣáínà, pẹ̀lú 140 tí kì í fà á. Sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn tó ń fà á ti dín kù, kódà níbi tí benzene inú afẹ́fẹ́ kò pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sínú irú àwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, colony ti dín kù ju bí sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ṣe dín kù lọ. Ìyẹn ni pé orísun ti ń gbẹ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán tó fi hàn.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi nìyí. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, láti Ògbà dé Agége. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá, ẹ gba ti ọmọ iṣẹ́, ẹ gba ti àwọn aránṣọ tó wà ládùúgbò kan náà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, fún ìfiwéra. Ẹ ka colony, ẹ ka DNA, ẹ kó ìyókù sínú nitrogen. Ẹ padà lọ bá àwọn ènìyàn kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá rí fún wọn lédè Yorùbá. Ẹ mú ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, nítorí ohun tí a ti mọ̀ nípa benzene ti tó láti kìlọ̀ fún wọn kí èsì tiwa tó dé.